Epo Tí Alùpùpù Àwẹ̀ró Ń Mu

Ẹ dá ọwọ́ dúró! Sùbéérù, gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn sílẹ̀. Mo ní kí o gbé e sílẹ̀! Gbogbo ọdún tí o ti fi ń tún alùpùpù ṣe lábẹ́ igi yìí, bẹntiróò gbẹrẹfu lo tún fẹ́ dà sínú ẹ́ńjìnnì tó ti ń rìn kí wọ́n tó bí ọ? Ẹ̀yin tí ẹ sì yí i ká, tí ẹ ń pariwo pé "Dà á sí i, epo kì í ju epo lọ," ẹ jókòó. Ẹni tí kò bá rí àpótí, kó jókòó sórí táyà. Èmi Ọdẹ́yalé ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ mi ni, n kò bá ẹnikẹ́ni wá ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí, mo ti ṣe é rí, òun ló sì fà á tí mo fi ń dá oúnjẹ sè, tí mo ń dá a jẹ.

Ẹ mọ̀ mí. Bí ẹ̀yin kò bá mọ̀ mí, àwọn ẹran inú igbó mọ̀ mí. Bí ẹfọ̀n bá gbọ́ ikọ́ mi, á kọ́kọ́ dágbére fún àwọn ọmọ rẹ̀ kó tó máa sá lọ. Mo ti bá iwin jẹun nínú àwo kan náà, èmi ni mo sì jẹ ẹran inú rẹ̀. Ta ló ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn? Máa rẹ́rìn-ín lọ, ọmọ bàbá mi. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ kò ní ẹ̀rín nínú.

Mo ní ìyàwó kan, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Gbádégẹṣin, ni rípírà alùpùpù àkọ́kọ́ ní gbogbo agbègbè wa. Nígbà tí bàbá náà kú, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ pín ilé, wọ́n pín oko kòkó, wọ́n wá ti alùpùpù ògbólógbòó tí bàbá wọn ń gùn sọ́dọ̀ Àwẹ̀ró, wọ́n ní ìpín tirẹ̀ nìyẹn. Wọ́n rò pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni. Àṣé inú Àwẹ̀ró dùn ju tiwọn lọ. Àràárọ̀ ló ń nù ún. Bí mo bá sì ti jókòó ní ìrọ̀lẹ́ láti nu ìbọn mi, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ alùpùpù náà fún mi, ohun tó ń mu, ohun tó kórìíra, ohun tó ń bà á nínú jẹ́. Èmi a máa dá a lóhùn pé "Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n," ọkàn mi á sì wà lọ́dọ̀ ẹtu tí mo rí lánàá. Ọdún mọ́kànlá ló fi sọ ọ́. Ẹ bi mí léèrè ohun tó sọ. N kò gbọ́ ẹyọ kan.

Ní ọjọ́ ìpàdé ọdẹ kan, ẹmu wọ̀ mí lára. Mo dìde láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi, mo ní kò sí ohun tó lè wọ ilé mi kó mú nǹkan jáde nígbà tí mo bá wà lẹ́nu ọ̀nà, ìbáà jẹ́ ènìyàn, ìbáà jẹ́ iwin. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ohun kan wà tó gbọ́ mi lọ́jọ́ náà tí kò pàtẹ́wọ́.

Ní ọ̀sán gangan ọjọ́ kẹta, mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà mi, ìbọn wà lórí itan mi, ni Amẹ̀mígbẹ bá dé. Bí ẹ kò bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ẹ dúpẹ́. Ó ga ju òrùlé lọ. Ẹnu rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ikùn rẹ̀ sì mọ́ gaara débi pé mò ń rí èémí gbogbo àwọn tó ti mu sínú, tí wọ́n ń lù kì, kì, kì, tí wọ́n ń wá ọ̀nà àtijáde. Mo fa ìbọn, ìbọn kò dún. Mo pe ọfọ̀ tí bàbá mi kọ́ mi. Ó dúró, ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "O gbàgbé ìlà kan níbẹ̀." Ó kọjá lára mi, ó wọ ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Àwẹ̀ró ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbé akèrègbè kan síwájú imú Àwẹ̀ró, ó fa èémí rẹ̀ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwẹ̀ró ṣubú sáàárín ẹ̀wà tó ń ṣà. Ojú rẹ̀ là, ara rẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n èémí kò wọlé, kò jáde.

Amẹ̀mígbẹ fi èdídí dí akèrègbè náà. Ó ní, "Ọdẹ́yalé, o wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo wọlé, mo mú, mo ń jáde lọ. Ìrìn ọjọ́ mẹ́rin ni ilé mi. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí òùngbẹ bá ń gbẹ mí, màá mu díẹ̀ nínú èémí ìyàwó rẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, lẹ́nu bodè mi, màá fà á gbẹ, á sì parí. Bí o bá fẹ́ ẹ, wá gbà á. Ṣùgbọ́n Ọ̀nà Àìfẹsẹ̀kàn ni mò ń tọ̀. Ẹsẹ̀ alààyè tó bá kàn án, gbòǹgbò ló ń ta."

Ìyá Morádékẹ́, aládùúgbò wa, sáré wọlé, ó gbé ọwọ́ lérí. Mo ní, "Ìyá, ẹ bá mi jókòó tì í. Ẹ má jẹ́ kí eṣinṣin bà lé e." Ó ní, "Ẹsẹ̀ wo lo fẹ́ fi lé iwin lójú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn?" Bí ó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni ojú mi lọ sára alùpùpù tó wà lábẹ́ ìborùn ní igun ilé.

Mo mọ alùpùpù gùn, ti àwọn ọ̀rẹ́ mi ni mo fi kọ́ ọ. Mo yí i jáde, mo sáré yí i dé ọ̀dọ̀ alépo. Alépo wò ó, ó ní, "Bàbá Ọdẹ, irú alùpùpù wo lẹ fẹ́ da epo sí yìí? Ẹ jẹ́ kí n—" Mo ní, "Ṣé alùpùpù tún ní irú ni? Dà á, jàre! Iwin ń rìn lọ." Ó da bẹntiróò kún táǹkì, ó bu kẹ́ẹ̀gì kan sí i, mo dì í mọ́ ẹ̀yìn. Mo gbé àpò ọdẹ mi kọ́ èjìká. Ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, oògùn mi wà nínú rẹ̀, ìgò epo pupa tí mo fi ń jẹ iṣu sísun wà níbẹ̀, àti ìgò ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí mo fi ń pa irin ìbọn kó má baà dípẹtà. Mo gbéra.

Bí mo ṣe rí ẹnu Ọ̀nà Àìfẹsẹ̀kàn kò kàn yín, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má baà wá a lọ. Ọ̀nà náà funfun, ó dán, kò sì sí ẹyẹ kankan lókè rẹ̀. Koríko wà létí rẹ̀, ìwọ̀n ibi tí ènìyàn lè nà sí, ẹsẹ̀ lè tẹ ìyẹn. Lẹ́yìn koríko, ẹ̀gún ni títí dé ojú ọ̀run. Àwọn tó sì ti fẹsẹ̀ kan ọ̀nà náà rí, wọ́n dúró lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹsẹ̀ wọn ti di gbòǹgbò, àyà wọn ti di èèpo igi, ojú wọn nìkan ló ṣẹ́ kù. Ìyá arúgbó kan ké sí mi: "Ọdẹ, ṣé Aláràbà, ìlú wa, lo ti ń bọ̀? Ọmọ mi Adéṣiyùn ńkọ́, ṣé ó ti láya?" Mo mọ Adéṣiyùn. Ó ti kú kí n tó gbé ìyàwó. N kò dúró, n kò dáhùn, mo sì ń gbọ́ ìbéèrè yẹn títí di òní.

Ẹ wá wo eré! Alùpùpù ń sáré, etí mi ń fẹ́ fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oòrùn yí sí ọwọ́ ìwọ̀-oòrùn, mo rí ẹ̀yìn Amẹ̀mígbẹ níwájú. Ọjọ́ kìíní nìyẹn o! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yin ara mi. Mo ní, "Ọdẹ́yalé, ta ló tó ọ? Aláìlẹ́gbẹ́ ni ọ́!" Bí mo ṣe ń yin ara mi lọ, itan mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi. Ẹ́ńjìnnì ti gbóná. Ó ké igbe kan, irú igbe tí irin máa ń ké nígbà tí ó bá ń họ irin bíi tirẹ̀ lára, ó sì dákẹ́. Táyà ẹ̀yìn dì gbagidi. Mo ju ara mi àti alùpùpù sínú koríko.

Amẹ̀mígbẹ kò tó ogójì ìṣísẹ̀ sí mi. Ó yíjú padà, ó jókòó sójú ọ̀nà. Ó tú èdídí akèrègbè, ó mu. Mo gbọ́ bí ọ̀fun rẹ̀ ṣe ń gbé e mì. Ó ní, "Ìyàwó rẹ dùn, Ọdẹ́yalé." Ó dìde, ó ń lọ. Mo sunkún níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín nítorí ẹkún yẹn, kó dìde dúró kí n rí ojú rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, irin ti tutù, ẹ́ńjìnnì sì gbà láti yí. Mo ń nu ara táǹkì, mò ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni bẹ ọmọ, ni mo bá rí lẹ́tà lábẹ́ eruku. Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sí àmì kankan lórí rẹ̀, kò sì sí lábẹ́ rẹ̀: OGUN SI OKAN. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé mo kàwé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò sì tún kíláàsì kan kà rí. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo fò sókè. Mo ní, "Ògún sí ọkàn!" Àna mi ló fi àṣírí sílẹ̀ fún mi! Ta ló ni irin bí kò ṣe Ògún? Kí ni ọkàn alùpùpù bí kò ṣe ẹ́ńjìnnì? Kí ni Ògún sì ń fẹ́ bí kò ṣe epo pupa? Mo yọ ìgò epo pupa mi, mo dà á sínú táǹkì pátápátá, mo kí Ògún lẹ́ẹ̀méje.

Ògún mọ̀wọ̀n ara rẹ̀, kì í mu nínú táǹkì. Alùpùpù húkọ́, ó pọ èéfín dúdú, ó sì kú síbi tó wà. Gbogbo ọjọ́ kejì ni mo fi tú u, tí mò ń fi koríko nu inú táǹkì, tí mò ń fi bẹntiróò inú kẹ́ẹ̀gì ṣan ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀, mo tún kà á. Mo ní, bóyá "oògùn sí ọkàn" ni. Mo so gbogbo oògùn ara mi mọ́ ẹ́ńjìnnì, ti àfẹ́ẹ̀rí, ti ọ̀tá, ti ejò. Kò gbin. Láti iwájú lọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ gbé ìró ọ̀fun wá bá mi. Ìrọ̀lẹ́ kejì nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo da bẹntiróò gbẹrẹfu sí i padà, kí ló tún kù? Ó ń rìn, ó ń dúró, ó ń rìn, bí arúgbó tó ń gun òkè. Ó gbé mi dé ìlú kan tó wà létí ọ̀nà, níbi tí ẹ̀gún ti dá, Ìjàòtán ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹnikẹ́ni tó pé níbẹ̀. Ẹni tó ní ọwọ́ méjì kò ní etí, ẹni tó ní etí kò ní imú. Ara wọn ni wọ́n ń bá jà nígbà tí àlejò kò bá sí. Balógun wọn, tí páìpù tábà tó ń rú èéfín máa ń wà lẹ́nu rẹ̀, na ọ̀kọ̀ sí mi, ó ní, "Àlejò, kí ló ń jẹ irin láìní eyín?"

Mo ní, "Ìpẹtà."

"Kí ló ń jẹ ìpẹtà?"

Mo ní, "Ọwọ́ tó bá ń nù ún lójoojúmọ́." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni Àwẹ̀ró dúró lójú mi pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́.

Wọ́n hó. Balógun wá wo ara táǹkì, ó kà á sókè fún àwọn ènìyàn rẹ̀: "Ogun sí ọkàn! Ẹ gbọ́! Ẹni tó kọ èyí, ara wa ni. Alùpùpù yìí kò ṣàìsàn, ìjà ló ń pa á. Ẹ gbé ẹ̀tù wá!" Wọ́n gbé igbá ẹ̀tù ìbọn wá, kún dẹ́mú. Mo ní, "Balógun, ẹ̀tù ni mo fi ń jẹun láti ìgbà èwe mi. Ẹ̀tù kì í ṣe ohun mímu. Ẹ gbé e jìnnà, ẹ dákun!" Ta ló gbọ́? Mẹ́rin nínú wọn dì mí mú. Mo gbá igbá náà lọ́wọ́ ẹni tó gbé e kó tó dé ẹnu táǹkì, ẹ̀tù fọ́n ká, Balógun sì tẹ̀ síwájú pẹ̀lú iná páìpù rẹ̀ láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí mo tún ríran, Balógun kò sí mọ́, àwọn tó dì mí mú kò sí mọ́, ìka méjì lára ọwọ́ òsì mi náà kò sí mọ́. Àwọn tó kù ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ogun náà dùn. Mo fi aṣọ di ọwọ́ mi, mo ti alùpùpù náà gba etí koríko, mò ń já bọ́, mò ń dìde. Oòrùn wọ̀ bá mi níbẹ̀. Mo di etí mi kí n má baà gbọ́ ọ̀fun náà. Mo gbọ́ ọ.

Ọjọ́ kẹrin. Ọkùnrin kan jókòó nínú koríko, ó ń pa ẹ̀gúsí sínú agolo. Ojú rẹ̀ méjèèjì kò sí, ihò wọn ti dí. Orúkọ rẹ̀ ni Àtọwọ́mọ̀. Ó ní, "Ta ló ń fa irin tó ń jẹ̀rora kọjá?" Mo sọ orúkọ mi, mo sọ ohun tí mò ń lé àti ìdí tí mo fi ń lé e. Kò bá mi kẹ́dùn. Ó nawọ́, ó fi ìka tọ ọ̀dà ara táǹkì, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn.

Ó ní, "Báwo lo ṣe kà á?"

Mo ní, "Mo kà á sí Ògún. Mo kà á sí oògùn. Àwọn ará Ìjàòtán kà á sí ogun."

Ó ní, "Lẹ́tà kò ní ohùn, ẹni tó ń kà á ló ń yá a ní tirẹ̀. Ọdẹ yá a lóhùn, ó di Ògún. Jagunjagun yá a lóhùn, ó di ogun. Ṣé ìwọ lo kọ ọ́ ni?"

"Àna mi ló kọ ọ́."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Rípírà alùpùpù ni."

"Kí ni rípírà máa ń ṣe kó tó gun alùpùpù rẹ̀ jáde láàárọ̀?"

Mo fẹ́ sọ pé n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí àgbàlá Gbádégẹṣin, nígbà tí mo ń lọ síbẹ̀ láti wá tọrọ Àwẹ̀ró. Mo rí bàbá náà lójú mi, ó di agolo mílíìkì mú, ó ń bù, ó ń dà, ètè rẹ̀ ń mì: "Méjìdínlógún, mọ́kàndínlógún..."

Mo ní, "Kíkà ló ń kà. Ogún ni. Ogún sí ọ̀kan."

"Ogún kí ni?"

"Ogún agolo bẹntiróò."

"Ọ̀kan kí ni? Kí lo fi ń pa irin ìbọn rẹ kó má baà họ ara rẹ̀?"

Mo ti ọwọ́ bọ inú àpò. Ìgò ọ́ìlì wà níbẹ̀. Èjìká mi ló wà láti ọjọ́ kìíní, ó ń lù mí ní ìhà bí mo ṣe ń sáré. Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, ó wà lápò ṣòkòtò. Mo fi orí lu ilẹ̀. Àtọwọ́mọ̀ ní, "Fi orí sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ti lọ." Ó da ẹ̀gúsí inú agolo rẹ̀ nù, ó na agolo náà sí mi.

Mo tú gbogbo ohun tó wà nínú táǹkì padà sínú kẹ́ẹ̀gì. Mo ka ogún, mo ń kà á sókè bí ọmọ ilé ìwé. Mo bu ọ̀kan ọ́ìlì lé e, mo mì ín títí méjèèjì fi di ọ̀kan, mo dà á sí i. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Sùbéérù, ìwọ mọ ìró yẹn, ìró tí ẹ́ńjìnnì ògbólógbòó máa ń ṣe nígbà tí ara bá tù ú. Alùpùpù náà kò ké, kò gbóná. Ó ń sáré lọ bí ẹni pé ó mọ ẹni tí a fẹ́ gbà sílẹ̀. Inú mi kò dùn. Gbogbo ibi tí mo bá kọjá ni mo ń sọ lọ́kàn mi pé báyìí ni ǹ bá ti ṣe lọ́jọ́ kìíní.

Oòrùn ti kan orí igi nígbà tí mo rí bodè Amẹ̀mígbẹ. Ó dúró síbẹ̀, ó ti gbé akèrègbè sẹ́nu, ọrùn rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò. N kò pe ọfọ̀, n kò fa ìbọn. Mo gbé alùpùpù lù ú ní orúnkún, akèrègbè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo já bọ́, ọwọ́ mi dé ara akèrègbè, ẹsẹ̀ òsì mi sì dé ojú ọ̀nà. Kí n tó dìde, ọmọ ìka mẹ́ta ti ta gbòǹgbò. Mo yọ ọ̀bẹ. Ẹ̀ ń wo bí mo ṣe ń rìn, n kò ní sọ ìyókù.

Mo rò pé yóò bá mi jà. Kò bá mi jà. Ó wo akèrègbè lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ nu ẹnu kékeré yẹn, ó ní, "Máa mú un lọ. Ohun tó kù níbẹ̀ kò lè pa òùngbẹ." Ó wọlé, ó ti bodè rẹ̀.

Mo fi èdídí dí i, mo dì í mọ́ àyà, mo gbé alùpùpù dìde, mo gùn ún padà. Bí mo ṣe ń bọ̀ lójú ọ̀nà, mo ń gbọ́ èémí Àwẹ̀ró nínú akèrègbè náà, kékeré, ó ń lù, ó ń dúró, ó ń lù. Ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún ni mo dé ilé. Ìyá Morádékẹ́ ṣì jókòó, abẹ̀bẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, eṣinṣin kan kò bà lé Àwẹ̀ró. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó dìde, ó jáde. Mo tú èdídí, mo gbé ẹnu akèrègbè sí imú ìyàwó mi. Àyà rẹ̀ gbéra sókè. Ó ṣẹ́jú. Ó wò mí, ó sì gbóòórùn mi.

Ó ní, "Ọkọ mi, òórùn ọ́ìlì àti bẹntiróò ń jáde lára yín. Òórùn rẹ̀ gan-an ni. Ta ló sọ fún yín?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ ti epo pupa, ẹ̀rín pa á, ó ní kí n má jẹ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n òun gbọ́. Mo sọ fún un pé ohun tó kù nínú àyà rẹ̀ kò pọ̀, pé ìwà òmùgọ̀ mi ló fi ìyókù ṣòfò. Kò bú mi. Ìbá bú mi ì bá dára. Ó ní kí n gbé òun jókòó, kí n yí alùpùpù wá síwájú òun. Mo ní, "Àwẹ̀ró, sọ ọ́ fún mi. Sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó sọ ọ́. Mo gbé ìbọn jù sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo jókòó sílẹ̀, mo gbọ́. Ó ní òun ni bàbá òun kọ ọ̀rọ̀ yẹn fún nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún méje, nítorí pé òun ló ń rán láti po epo, òun sì máa ń gbàgbé iye rẹ̀. Ó ní ọ̀dà ló tán tí kò fi sí àmì lórí rẹ̀. Ó ní kí n má ra bẹntiróò tó ti pẹ́ nílẹ̀, imú ni kí n fi mọ̀ ọ́n, èyí tó ti pẹ́ kì í ta. Ó ní kí n má po èyí tí n kò ní lò tán. Ó ní èéfín rẹ̀ gbọ́dọ̀ tín-ín-rín, bí ó bá funfun jù, ọ́ìlì ti pọ̀ nìyẹn, bí n kò bá sì rí èéfín rárá, kí n sọ̀ kalẹ̀ kíákíá, kò tó. Ó ní tí mo bá ń bọ̀ nílé, kí n ti ẹnu ọ̀nà epo pa kí n tó dé, kí ẹ́ńjìnnì mu èyí tó kù lọ́nà tán. Ó ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀ kan sí ìkejì. Mo fẹ́ ní kó dákẹ́ kí èémí má baà tán, mo rí ojú rẹ̀, n kò lè sọ ọ́. Ọdún mọ́kànlá, n kò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀.

Oòrùn ń lọ. Ó fi ọwọ́ kan táǹkì. Ó ní, "Bí ẹ bá wá fẹ́ gbé e sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tí ẹni tó ń nù ún kò bá sí mọ́, ẹ kọ́kọ́..."

Mo ní, "Mò ń gbọ́ ọ, Àwẹ̀ró. Kí n kọ́kọ́ ṣe kí ni?"

Àyà rẹ̀ kò gbéra mọ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú, mò ń dúró kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.